Bọ́tì Tí Bàbá Emrys Ń Bèèrè

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Bàbá Emrys lé mi lọ́wọ́ ní Eccles, nítòsí Manchester, Sandra, súpáfáísọ̀ wa, ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní bàbá náà kì í jẹun, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú gbogbo kéárà tó lọ síbẹ̀, tó bá sì tún rù sí i, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n máa gbé e lọ. Bàbá sì ti búra pé òkú òun ni wọ́n máa gbé kúrò nínú ilé tí òun àti ìyàwó òun jọ gbé. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi Bọ́lá ọmọ Ṣàgámù, tí mo bọ́ ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú ọkọ tó máa ń ṣa àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀, ṣé arúgbó kan ló máa wá dá mi lágara?

Iṣẹ́ kéà tí à ń ṣe yìí, ilé dé ilé ni. A ó wẹ arúgbó, a ó fún un lóògùn, a ó gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, a ó sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ẹlòmíì. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá wo àwo, ó wo èmi náà, ó ní òun ò lè jẹun láìsí bọ́tì.

Àṣé kò le! Ní Manchester níbí, búrẹ́dì tí wọ́n là, tí wọ́n ki ẹyin tàbí ànàmọ́ díndín bọ inú ẹ̀, bútì ni wọ́n ń pè é. Bọ́tì ni Bàbá pè é, àmọ́ ọmọ Wales ni, mo ní ahọ́n ibẹ̀ ló fà á. Ṣé ahọ́n Rẹ́mọ àti ahọ́n Ọ̀yọ́ dọ́gba ni? Mo ki ẹyin sí búrẹ́dì, ó tì í sẹ́yìn. Mo ki ànàmọ́ sí i, ó dúpẹ́, ó tì í sẹ́yìn. Mo wá fi sádìnì àti ata rodo sí i. Ìyẹn ò tiẹ̀ dé ẹnu tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Ìtàn ló máa ń sọ títí oúnjẹ á fi tutù. Abúlé kan láàárín òkè ní Wales ni wọ́n ti bí i, níbi tí gbogbo ọkùnrin ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń sun igi lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi ń gbá a lẹ́yìn. Àṣé òkúta ni èédú tiwọn. Ó ní tí wọ́n bá jáde, ojú àti eyín nìkan lèèyàn máa rí, àwọn ìyàwó á ti gbé omi kaná. Orúkọ ìdílé kan náà pọ̀ ní abúlé yẹn débi pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀: Jones Oníbúrẹ́dì, Jones Oníwàrà, Jones Onípósí. Ìyẹn jọ tiwa, mo sì sọ fún un. Nígbà tí wọ́n ti kòtò èédú pa, ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ tú ká, òun náà wá ru ẹrù ní èbúté Salford. Ó ní koríko ti hù bo òkìtì pàǹtí èédú wọn, àgùntàn ló ń jẹ̀ lórí ẹ̀ báyìí.

Sandra ní òun máa wá wọn Bàbá lọ́jọ́bọ̀, òun á sì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an, ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́rùn mi, inú sì ń bí mi. Bàbá tún ti búrẹ́dì sẹ́yìn.

“Bàbá, bọ́tì mélòó lẹ tiẹ̀ fẹ́?”

“Ẹyọ kan ni mo ní. Ó ti kú.”

Mo wo búrẹ́dì, mo wo Bàbá.

Ó wá là á yé mi. Lábúlé wọn, bọ́tì ni ẹni tí ẹ jọ ń wa èédú. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ wọ kòtò láìsí bọ́tì ẹ̀, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ ṣí agolo oúnjẹ àfi tí bọ́tì ẹ̀ bá jókòó. Gwyn ni tiẹ̀. Nígbà tí Gwyn kú, ìyàwó Bàbá ló ń bá a jókòó jẹun. Ìyàwó náà ti lọ. Láti ìgbà náà, àwa kéárà la máa ń gbé àwo kalẹ̀, tí a ó dúró máa wo aago. Ọkùnrin yìí ń bẹ̀ mí fún èèyàn, èmi ń kó búrẹ́dì fún un. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí.

Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọ́dọ̀ jẹun nílé ẹni tí à ń tọ́jú. Ààwẹ̀ tún ńkọ́? Mo ní Olúwa, Ẹ kúkú rí bọ́rọ̀ ṣe rí. Mo gbé ìrẹsì tí mo fẹ́ fi ṣínu lálẹ́ jáde, mo pín in sáwo méjì, mo fa ìjókòó. Bàbá jẹun! Ó ń làágùn, ó ń fọn imú, kò sì dúró. Ẹnu mi ṣì kún nígbà tí Sandra wọlé pẹ̀lú ìwọ̀n lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá mi ò mọ òfin ni, ó ní kéárà mìíràn ló máa wá lọ́la.

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Mi ò dá wọ kòtò èédú rí láyé mi,” ló wí. “Ó ku kòtò kan ṣoṣo níwájú mi. Mi ò ní dá wọ ìyẹn náà.”

Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Sandra gbé ìwọ̀n ti ògiri, ó wo àwo Bàbá, ó rí i pé hóró ìrẹsì kan ò kù níbẹ̀. Ó bọ́ kóòtù ẹ̀, ó fa ìjókòó kẹta, ó sì rọra bi mí bóyá ìrẹsì ṣì kù.