Iná Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Ohun tó kọ́kọ́ dé etí alágbàfọ̀ ni pé àbúrò òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun ilé ìfọṣọ rẹ̀, kó lè gbowó lọ́wọ́ àwọn adójútòfò. Kò gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ ó dùn létí, ó sì ní kí ẹni tó sọ ọ́ tún un sọ.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òun ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àbúrò bí wọ́n ṣe ń bu búlùú sómi aṣọ funfun, bí wọ́n ṣe ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí kò fi ní rún. Olúwa wá gbé àbúrò ga: ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń dán, ilẹ̀kùn onígíláàsì, àwọn oníbàárà tó ń pè é ní Màdáámù. Ẹ̀gbọ́n ṣì jókòó ti báàfù, ọṣẹ ti jẹ ẹ́ léèékánná. Ojoojúmọ́ ló ń gbàdúrà fún àbúrò rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ nídìí àdúrà yẹn.

Nígbà tí ọkùnrin adójútòfò wá wo eérú, ó yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ó rọra béèrè bóyá iná ti jó ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ rí.

"Ṣé ti ẹ̀yìnkùlé bàbá wa lẹ ń wí?"

Èsì náà yá débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Áyọ́ọ̀nù ló fa iná ọjọ́sí, tó jó ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò kọ́kọ́ ní. Wòlíì ìjọ wọn gbàdúrà lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má fẹnu pe iná náà mọ́, kó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó padà wá.

Kò pẹ́, àbúrò wọlé, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn adójútòfò ti fagi lé àdéhùn wa látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a ò ṣe é rí. Wọ́n ní ká ní àwọn mọ̀ nípa iná àkọ́kọ́ ni, àwọn kì bá ti gbà mí."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Lọ́jọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n bi mí pé ṣé iná ti jó mi rí. Mo ní, 'Iná ò jó mi rí, kò sì ní jó mi láéláé, lórúkọ Jésù!'"

"Iwájú adójútòfò lo ti lọ ń ṣe àmín?"

"Ṣé kí n wá fẹnu ara mi pe ibi ni?"

"Ìwọ pè é ní àdúrà, àwọn pè é ní irọ́."

Àbúrò nu ojú. "Bàbá ti kú. Wòlíì ti kó lọ. Ta ló wá sọ fún wọn?"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ kan tó ti gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń bá Màdáámù sunkún. Ta ló sunkún rí nítorí báàfù òun?

"Gbogbo ẹ̀rọ yẹn," ló bú jáde, "o ò fi ọ̀kan lọ̀ mí!"

"Mo fi lọ̀ yín! Ẹ ní aṣọ tí ẹ̀rọ bá fọ̀ kì í mọ́, lójú àwọn oníbàárà mi!"

Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n tún fún aṣọ gbígbẹ náà.

"Èmi tí mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí n jókòó ti báàfù yín, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ…"

Ẹ̀gbọ́n ní òun ń lọ pọnmi. Garawa tó gbé kún dẹ́nu. Ó gbé e jáde bẹ́ẹ̀, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, àbúrò rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá.