Aṣọ Àrán Orí Kọ̀ǹpútà

Bí mo bá rí aṣọ àrán, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń rántí. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í daṣọ bò. "Ohun iyì kì í wà níhòòhò," ni yóò wí.

Mo fi bàbà àti fáànù ṣe ohun tí yóò máa mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù. Ọ̀gá dán an wò lójú oníbàárà, ó daṣọ bò ó. Fáànù kò rí atẹ́gùn fà, kọ̀ǹpútà gbóná. Ó ní iṣẹ́ ọ̀dẹ̀ ni, ó lé mi, ó sì fi bàbà àti fáànù mi sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo padà wá kó irinṣẹ́ mi, òórùn iná ń jáde lábẹ́ àrán tó fi bo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Kí ló ń rùn?" ló bi mí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ohun iyì kì í wà níhòòhò."