A Kúnlẹ̀ Bẹ Ẹni Tí Ooru Ń Lé Lọ

Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin kì í ṣàdédé kó ẹrù. Bí obìnrin ilé bá ti ká ẹní rẹ̀, tó to ìkòkò sínú ìkòkò, tó sì fi aṣọ di gbogbo rẹ̀, kí àwọn tó wà nítòsí tètè wá kúnlẹ̀ ni. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú, ẹjọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìjẹ̀bú nìyẹn, mo sì kó o wá sí Thamesmead, ní London níbí.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí Àlájà tó ń gbé fulaati tó kángun sí tèmi tí wọ́n ń ká ẹní, mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Àlájà kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Sòmálíà ni wọ́n, láti Berbera létí òkun. Wọn ò sì tíì dé Mẹ́kà. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè wọ́n ní Àlájà. Mo ní, "Ẹ ó débẹ̀ láṣẹ Ọlọ́run," mo sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó tó ìyá mi, kí ni mo tún fẹ́ máa pè wọ́n? Gẹ̀ẹ́sì tó mẹ́hẹ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Wọ́n a máa fún mi ní tíì tí wọ́n fi kànáfùrù sí, èmi náà a gbé mọ́ínmọ́ín wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Lọ́dún yẹn, tí wọ́n ṣì ń gbẹ́ ihò rélùwéè tuntun lábẹ́ Woolwich, oòrùn mú gan-an. Gbogbo koríko gbẹ. Thamesmead tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, fulaati wa sì gbóná bí inú ààrò. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo gbọ́ ohùn ọmọ Àlájà obìnrin láti ẹ̀yìn ògiri, tó ń jágbe lédè wọn. Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìjà? Nígbà tí mo wá rí ẹrù tí wọ́n ti dì, tí kẹ́tùlù wà lórí ẹ̀, mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ pé ọmọ ló lé wọn. Mo pe Ìyá Àdínnì ẹgbẹ́ àsàlátù wa.

"Ọmọ bíbí inú wọn ló lé wọn?" ni wọ́n bi mí. "Astagafirulai! Má jẹ́ kí wọ́n jáde. À ń bọ̀."

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ dé, Ìyá Àdínnì àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ń dirun lọ́wọ́ ní Powis Street nígbà tí wọ́n pè é. Apá kan orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì dì, ó wá fi ìbòrí bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan ga ju èkejì lọ. Bí a ṣe wọlé, a kúnlẹ̀.

"Nítorí Ọlọ́run, nítorí Ànábì, ẹ má bínú," Ìyá Àdínnì ló ṣáájú. "Ọmọ ò mọ̀ ọ́n ṣe, àgbà ló ń fiyè dénú."

Àlájà jókòó lórí ẹrù wọn, wọ́n ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mu tíì díẹ̀. Onírun ìdajì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n mu tíì náà tán, Àlájà béèrè pé, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. À ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má lọ."

"Kí n má lọ? Nínú ooru yìí?"

Ìyá Àdínnì fẹ́ dìde, orúnkún ń dùn wọ́n. Àlájà na ọwọ́. "Ẹ ní sùúrù. Láti ìgbà tí mo ti dé London, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún mi rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín báyìí."

Ibẹ̀ la wà lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wá tẹ́ lọ gbọọrọ láàárín òkun àti òkè. Guban ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibi tó jóná. Iyanrìn, òkúta àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló pọ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà odò wà, ṣùgbọ́n èèyàn lè rìn ín já láìfẹsẹ̀ kan omi, àfi bí òjò bá rọ̀ lórí òkè. Ìgbà ọ̀rinrin ni ibẹ̀ dùn: àwọn darandaran á kó ràkúnmí àti àgùntàn sọ̀kalẹ̀ wá jẹko. Láyé àwọn baba ńlá wọn, ìgbà yẹn náà ni ọkọ̀ ojú omi ń ti ilẹ̀ Árábù àti Íńdíà wá ná ọjà Berbera. Bí ooru bá dé, tí atẹ́gùn gbígbóná bá ń da iyanrìn síni lójú, ọjà á tú, ìlú á gorí òkè. Obìnrin ló sì ni ilé àwọn darandaran. Òun ló ń fi igi títẹ̀ àti ẹní kọ́ ọ, òun ló ń tú u, òun ló ń dì í lé ràkúnmí. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń ká ẹní, ìjà ló ń wá.

Àlájà ní, "Mò ń lọ sí Shooters Hill. Òun ni òkè tó wà nítòsí."

Wọ́n ti lọ lọ́dún tó kọjá, àwọn nìkan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá ló mú wọn wálé. Láti ìgbà náà ni ọmọ wọn ti ń sọ pé orí ìyá òun ti ń yí. Òun ni igbe tí mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri: ó búra pé bí òun bá tún bá ẹrù dídì nílẹ̀, òun á dá kọ́kọ́rọ́ fulaati náà padà fún káńsù, òun á sì mú wọn lọ sílé òun, sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.

"Ó ń bọ̀ báyìí," ni Àlájà wí. Ojú wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kò pẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ fi yí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó bá obìnrin márùn-ún lórí ìkúnlẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹrù.

"Hooyo," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nìyẹn, "kí lẹ ṣe fún wọn?"

Àlájà nawọ́ sí i. Wọ́n sọ fún wa pé, "Ẹ yíjú síbẹ̀ yẹn."

Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe wá. Gbogbo wa fi orúnkún yí padà.

"Ọmọ mi, fojú àánú wò wọ́n," ni Ìyá Àdínnì wí.

"Ha! Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" Ó di Ìyá Àdínnì lápá mú, kò lè gbé wọn, òun náà bá kúnlẹ̀. "Kí lẹ fẹ́? Ẹ sọ ọ́, màá ṣe é."

Gbogbo wọn wá ń wò mí.

Mo ní, "Orí wọn ò yí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú yín ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni pé wọ́n ń dá lọ. Wọn ò ní dá lọ mọ́. Àwa la ó máa bá wọn lọ."

Ìyá Àdínnì fẹnu sí mi létí, wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́: "Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o fi mí kún un?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó nu ojú. "Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ wọn," ló wí, "ṣùgbọ́n bí mo bá pè, kẹ́nì kan gbé fóònù o." Ó bá gbé ẹrù tó wúwo jù, ó gbé e sínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ dé òkè kó tó padà; àwa wọ bọ́ọ̀sì.

Lórí òkè, atẹ́gùn fẹ́ sí wa lójú. Àlájà tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n sì na ọwọ́ sísàlẹ̀: odò Thames ni òkun, Thamesmead ni Guban. Ìyá Àdínnì ló kọ́kọ́ sùn. Àlájà pe onírun ìdajì, wọ́n bá a dì í tán lọ́nà tiwọn, apá méjèèjì ò sì jọra títí tó fi tú u.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a fẹ́ ká ẹní. Àlájà ò mira.

Mo ní, "Àlájà, ilẹ̀ ń ṣú."

"Ẹ sọ fún ọmọ mi pé ẹ ó bá mi lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ pípadà. Títí ooru á fi lọ la máa ń dúró."

Ìyá Àdínnì wò mí, wọ́n wo orúnkún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì rọra ń kúnlẹ̀ sórí koríko.

"Nítorí Ọlọ́run, nítorí Ànábì..."

Àlájà tún ìjókòó wọn ṣe dáadáa. Wọ́n ní kí Ìyá Àdínnì má kánjú.