Sítáǹbù Ọkọ Wa Tuntun

Àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Àṣìtẹ̀. Àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ, tí wọ́n máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ló fún un lórúkọ yẹn, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ẹlòmíì ṣe ń wá sítáǹbù tó rẹwà, tí ẹlòmíì ń wá èyí tó gbó jù, èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ṣì tẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ní ẹyẹ tó dorí kodò bíi pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló sọnù sílẹ̀. Ó ní afárá tí odò gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ní agẹṣin kan tí wọn ò tẹ ẹṣin rẹ̀ rárá, tí ọkùnrin náà wá jókòó sínú afẹ́fẹ́, tó mójú le koko, tó ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í léèrè nígbà kan pé, "Màámi, ẹ ò wá rí èyí tó dáa kó jọ ni?"

"Èyí tó dáa pọ̀ nílé gbogbo èèyàn," ló fi dá a lóhùn. "Èmi ò fẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ní."

Iṣẹ́ awò ojú ló ń ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé bí oníbàárà bá fẹ́ ka lẹ́tà ara ògiri, àfi kó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, bí ẹlòmíì bá sì ti ilẹ̀kùn wọlé, ìdánwò ojú di ìdánwò ìdúró. Lẹ́bàá fèrèsé ni ẹ̀rọ tó fi ń lọ gíláàsì wà, tí omi ń kán sórí rẹ̀. Ẹ̀mú kékeré tó fi ń tún apá awò ṣe náà ló fi ń mú sítáǹbù. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn. Ẹ má wulẹ̀ káàánú rẹ̀, torí kò sí ọjọ́ tí kò rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan ló kù tí kò ní, òun ló sì ń fẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣí ọkọ̀ ojú omi tuntun, wọ́n tẹ sítáǹbù ìrántí kan: ọkọ̀ funfun lórí omi búlúù, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ỌKỌ̀ WA TUNTUN. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn kọ nìyẹn. Àmì orí ọ kejì já bọ́, ó wá di ỌKỌ WA TUNTUN. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn obìnrin ti tò sí pósófíìsì, wọ́n ń béèrè bóyá ọkọ tuntun náà ṣì kù, àti pé ṣé wọ́n máa ń gbé e délé fúnni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àṣẹ dé pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ìwọ̀nba tí wọ́n ti tà ló ṣẹ́ kù, àwọn tó rà á sì ti lò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní lẹ́tà ti ń di méjì méjì lójú òun. Ìyá Àṣìtẹ̀ ní kó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kó ka èyí tó wà lára ògiri. Bàbá kà á dé ìlà kẹta, ó dákẹ́.

"Ṣé ẹ ò rí i mọ́ ni, Bàbá?"

"Mo rí i. Lẹ́tà E yìí ló yẹ kó ní àmì lábẹ́, wọn ò fi sí i."

"Bàbá, kíkà ni mo ní kí ẹ kà á, n ò ní kí ẹ tún un ṣe."

"Ẹ má bínú, Ìyá Aláwò. Iṣẹ́ ló ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Èmi ni mo máa ń ka ìwé wò nílé ìtẹ̀wé ìjọba kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá Alámì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀."

Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Ilé ìtẹ̀wé tó tẹ sítáǹbù ọkọ̀ yẹn?"

Ojú bàbá wálẹ̀. Ó ní òun gan-an ni òun ka sítáǹbù náà wò. Ó ní nínú gbogbo ìwé tó gba ọwọ́ òun kọjá, àmì kan ò já bọ́ rí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà rẹwà púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ ni òun ń wò. Láti ìgbà náà, bí òun bá ti dé ilé ẹ̀gbọ́n òun, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun á yọ sẹ́nu ọ̀nà, á pariwo pé, "Ọkọ wa tuntun, ẹ káàbọ̀ o!" Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ilé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Bàbá Alámì kò lọ síbẹ̀ mọ́, kò sì kọ̀wé sí wọn mọ́.

"Ṣé ẹ ní ọ̀kan lọ́wọ́?" Ìyá sún mọ́ ọn.

Bàbá fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. "Mo ní ọ̀kan. Kì í kúrò lára mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi."

"Ìtìjú mi ni, Ìyá Aláwò. Ta ló ń ta ìtìjú?"

Ẹni tó bá mọ ìyá náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò lè tán síbẹ̀. Bàbá ṣáà ń bọ̀ wá gba awò. Nígbà tó dé, awò ti wà nílẹ̀, álíbọ́ọ̀mù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ṣíṣí. "Ẹ fi awò yín tuntun wo èyí, ká mọ̀ bóyá ó bá ojú yín mu," ni ìyá wí, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bàbá wo ẹyẹ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo afárá, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ agẹṣin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó nu omijé ojú, ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹni tó ṣe èyí, kí ni ojú rẹ̀ rí?"

"N ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí inú mi ò bá dùn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò."

Bàbá tọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ bébà kékeré kan tó ká pọ̀, ó tú u, ó sì gbé sítáǹbù náà síwájú rẹ̀. "Ẹ gbà. Ẹ máa wo tèmi náà mọ́ tiwọn."

Ìyá Àṣìtẹ̀ fi ẹ̀mú mú un, ó ń rọra mí. Ọkọ̀ funfun, omi búlúù. Ó gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá lé e. Lórí ọ kejì, àmì wà níbẹ̀. Yíǹkì ni, ẹnì kan ló fi bírò fà á tín-ín-rín, ó sì bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́.

"Bàbá! Ta ló fọwọ́ kan èyí?"

"Èmi ni." Bàbá ń tijú bí ọmọdé. "Lọ́jọ́ náà gan-an ni. N ò lè máa gbé àṣìṣe kiri láìtún un ṣe. Àbí mo ti bà á jẹ́ ni?"

Ó ti bà á jẹ́ kọjá ààlà. Àwọn tó ń kó àṣìtẹ̀ jọ ní òfin kan: ohun tí ọwọ́ èèyàn bá ti kàn lẹ́yìn ẹ̀rọ, kì í ṣe àṣìtẹ̀ mọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sì le jù nínú òfin yìí. Òun ló lé ọkùnrin kan jáde nílé ìkàwé torí pé ó fi bírò yàwòrán ojú sára ẹja tí wọn ò tẹ ojú rẹ̀. Ó wo àyè tó ti fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà nínú álíbọ́ọ̀mù, ó ṣe é bíi kó sunkún. Ó lè dákẹ́ kó gbà á, ta ló máa mọ̀? Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin tó di etí tábìlì mú, tó ń retí ìdájọ́. Ó wá yé e pé òfin tó ń dun òun yìí, ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹlòmíì.

"Bàbá Alámì, n ò lè gbà á. Àṣìtẹ̀ ni mò ń kó jọ. Ọkọ̀ ni mo rí níbí, n ò rí ọkọ kankan. Ẹ ti tún un ṣe láti ọjọ́ yẹn. Kí lẹ wá ń gbé kiri?"

Bàbá gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àmì náà, ó tún un wò. "Mo tún un ṣe lóòótọ́," ló wí, bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un.

"Sítáǹbù tó dáa, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń fi í kọ̀wé ránṣẹ́."

"Ó dáa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ń retí ọkọ rẹ̀."

Orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni bàbá ti kọ lẹ́tà náà, ó fi gbogbo àmì sí i, kódà ó fi sí àdírẹ́sì. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé: "Ìyàwó wa, ọkọ yín tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè lá sítáǹbù. Ìyá Àṣìtẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ohun tó ti ń wá láti ọdún gbọọrọ sórí ahọ́n ara rẹ̀, ó lá a, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ rìn dé pósófíìsì. Akọ̀wé ibẹ̀ wo sítáǹbù náà, kò rí nǹkan kan tó ṣe é, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì jù ú sínú àpò.

Ó dun Ìyá Àṣìtẹ̀ o, ká má purọ́. Ó sì dùn mọ́ ọn.