Obìnrin Tó Ń Pe Orúkọ Wa Lórí Omi

Ọmọbìnrin kan tó mọ ìwà hù kan ilẹ̀kùn mi ní Ladi-Lak ní Bàrígà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Bájúláyé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, yíǹkì ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, òórùn rẹ̀ sì ti gba imú mi kí n tó wá awò ojú mi rí. "Màmá, ẹ wá o," ló wí. "Wòlíì wa máa fi ẹni tó ń dà yín láàmú nínú ilé yín hàn yín." Inú bí mi. N kò bú u, torí kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Nígbà tó lọ tán, mo fa ìwé náà ya, mo jókòó, mo sì ń bínú sí àwọn tó ti kú tipẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kí òmìnira tó dé, etí ọ̀sà ní Bàrígà là ń gbé. Ìlàjẹ ni wá. Láti etíkun Oǹdó ni àwọn bàbá wa ti wa ọkọ̀ wá, pẹ̀lú àwọ̀n wọn, Bíbélì wọn, àti ẹnu wọn tí kì í sinmi. Mùsùlùmí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Bàbá Onílé wa, akọ̀wé ìjọba ni. Ó máa ń fi ìnujú bo imú tó bá ń kọjá níbi ààrò tí àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja, tó bá sì dìrọ̀lẹ́, á ránṣẹ́ wá ra ẹja kan náà.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Mótúnráyọ̀ ọ̀rẹ́ mi ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Omi ti gbé bàbá rẹ̀ lọ, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń yan, kì í bá èèyàn jà, ẹja rẹ̀ kì í sì í jóná. Láàárọ̀ kùtù, kó tó dáná, á wọ aṣọ àdúrà funfun rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sétí omi. Nígbà mìíràn á mú èmi àti Mótúnráyọ̀ dání. Á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ojú omi, á sì máa pe àwọn apẹja agboolé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Olúwa, Tìmótíù rèé, mú un bọ̀. Jòsíáyà rèé, mú un bọ̀." Bàbá mi ni Jòsíáyà. Mótúnráyọ̀ a máa sùn lórí ìkúnlẹ̀, èmi a máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ẹ̀fọn a sì máa jẹ àwa méjèèjì bí ẹni ń jẹ àsáró.

Mo bi Ìyá Mótúnráyọ̀ nígbà kan pé kí ló dé tí kì í ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Tí mo bá ṣe é níbẹ̀, wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ń rí mi níbí." Ó ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. A kò sọ.

Òjò wá pọ̀ lọ́dún kan, ọ̀sà dọ̀tí, ẹja sì sá. Ọkọ̀ ń bọ̀ lófìfo. Bàbá mi sọ ọ́ pé òjò ló lé ẹja, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí gbogbo wa ń lọ, ẹ̀mí gbé Ìyá Aríran, obìnrin tó ń ríran fún ìjọ. Ó ní òun rí obìnrin kan létí omi ní ìdájí, tó ń pe orúkọ àwọn ọkùnrin sórí omi. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ìyàwó apẹja kan ti fò dìde. "Èmi náà gbọ́ ọ! Mo gbọ́ tó ń pe orúkọ ọkọ mi! Ìyá Mótúnráyọ̀ ni!"

Ẹ má rò pé ìran náà jẹ́ irọ́ o. Ohun tí Ìyá Aríran rí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó rí ẹnu tó ń mì, kò gbọ́ àdúrà tó ń ti ẹnu náà jáde, kò sì bi Ọlọ́run. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn.

Ta ló ń pe orúkọ èèyàn sórí omi ní ìdájí, bí kì í bá ṣe ẹni ibi? Bí gbogbo wọn ṣe rò ó nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ bi Ìyá Mótúnráyọ̀ pé, "Ṣé o pe orúkọ wọn àbí o ò pè é?" Kò purọ́. Ó ní, "Mo pè é. Àdúrà ni mò ń gbà fún wọn." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. "Irú àdúrà wo ló ń sá pamọ́?" Wọ́n ní kó kúrò láàárín wa kí Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tó pé.

Mo ya ẹnu láti sọ pé mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Màmá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín mi fi ya ètè mi. "Pa ẹnu ẹ mọ́," ló sọ sí mi létí. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ìwọ náà wà níbẹ̀ ni?"

Bàbá Onílé nìkan ló bá wọn wí. "Ẹ̀yin onígbàgbọ́, inú ilé mi lẹ ti fẹ́ lé èèyàn jáde yìí o. Kí ló jí? Ta ló lù?" Ó ní òun kò lé obìnrin náà, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n ti da omi sí ààrò rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ ìkíni rẹ̀ mọ́? Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Mótúnráyọ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó gba ọ̀nà etíkun lọ. Mótúnráyọ̀ jókòó lórí ẹní tí wọ́n ká, ó ń wò mí. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Kò juwọ́ sí mi, n kò sì rí i mọ́ láyé mi.

Òjò dá, ẹja padà. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́, wọ́n jó, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣẹ́gun àjẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọdọọdún lòjò ń dá.

Onígbàgbọ́ ṣì ni mí. Mo gbà pé ayé tí a kò fojú rí wà, pé ẹ̀mí burúkú sì wà níbẹ̀. Ẹni tó dàgbà sétí omi kò ní sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé Ọlọ́run ń wo òun ní ìkọ̀kọ̀ yẹ kó bẹ̀rù kó tó nàka sí ọmọnìkejì rẹ̀. Ìyá Mótúnráyọ̀ ní ìbẹ̀rù yẹn. Àwa kò ní in, àjẹ́ nìkan là ń bẹ̀rù. Wọ́n ti da iyanrìn sí ibi tó ti ń kúnlẹ̀, ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti pọ̀ ju ọkọ̀ apẹja lọ. Ìka tí à ń nà síra wa kò tíì rẹ̀.

Nígbà tí màmá mi ń ṣàìsàn tó gbẹ̀yìn, mo bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí ló dé tó fi bò mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ó yíjú sí ògiri.

"Ta lo rò pé ó ní kí Ìyá Mótúnráyọ̀ máa pe orúkọ bàbá ẹ?" ló wí. "Èmi ni. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́."

Bàbá mi darúgbó, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí. Omi kò gbé e.