Máṣíìnì Ló Dàgbà

Ogún ọdún ni àbúrò mi obìnrin ti ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Dókítà Máṣíìnì ni àwọn télọ̀ ń pè é. Nígbà tí máṣíìnì oníkọ̀ǹpútà gbòde, ó fi owó ara rẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí àkókò owó orí dé, ó ka owó ẹ̀kọ́ náà mọ́ ìnáwó iṣẹ́, kí wọ́n má bàa gba owó orí lé e lórí.

Akọ̀wé owó orí fagi lé e. "Mà, ẹni tó ń fi ìmọ̀ kún iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan la máa ń gbà fún. Iṣẹ́ tuntun lẹ lọ kọ́."

Ká ní èmi ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àbúrò mi kàn ṣí ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Orúkọ kan náà ló fi ìka tẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

"Télọ̀ yìí ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà ló gbé ti kọ̀ǹpútà wá. Iṣẹ́ mi ò yí padà, ọ̀gá, máṣíìnì ló dàgbà. Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì lọ́dún yẹn, iṣẹ́ tuntun nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí i nínú ìnáwó mi."

Akọ̀wé wá kéèkì títí, kò rí i. Ó bá buwọ́ lu ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀: "Mà, máṣíìnì ìyàwó mi ń já òwú."

"Ẹ gbé e wá," ni àbúrò mi wí. "Màá já rìsíìtì fún yín."