Táì Tí Ìyá Mi Fi Di Ẹrù Mi

Mo fò, mo pariwo, mo tún fò, mo dì mọ́ ìyá mi lọ́rùn, èmi tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì! Ìyá mi ò tíì nu omijé ojú ẹ̀ tán.

"Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?"

Orí mi ò pé lọ́jọ́ náà, mo jẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òjò wó òrùlé àtíbàbà tí ìyá mi ti ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹja tútù ti kún apẹ̀rẹ̀, ọjà Èjìnrìn ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n sì pè mí fún ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tíṣà ní Ìkòròdú. Tí mo bá lọ, ta ni yóò bá ìyá mi ṣe òrùlé, ta ni yóò ṣọ́ iná? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Íbàdàn, ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá ṣe é lọ́jọ́ náà.

Àfi bí ọkùnrin mẹ́rin ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì lọ́sàn-án, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì mọ́rùn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí láàárín wọn. Ìyá mi káwọ́ lérí.

"Yéè! Ọmọ mi ti kú! Ẹ̀yin ni wọ́n rán wá túfọ̀ fún mi!"

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ta ló tún ń wọ kóòtù wá báni lójijì, bí kì í bá ṣe ẹni tó wá túfọ̀?

"Kò kú o, Màmá!" Èyí tó ga jù ló kígbe. "Bọ́ọ̀lù ló gbá tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi rọ́! Ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ tá a wọ ẹgbẹ́ la ti búra pé ìyá ẹnì kan, ìyá gbogbo wa ni. Iṣẹ́ ilé tí kò bá lè ṣe, àwa la máa ṣe é."

"Ẹ̀yin wo? Ẹ̀yin onítáì yìí?"

Èmi gan-an ti máa ń fi ẹgbẹ́ náà bú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ijó àti kóòtù ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n tú táì, wọ́n gun òrùlé. Èyí tó sanra, tó fẹ́ di lọ́yà, já bọ́ gbàà sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ wo lọ́yà wa!" làwọn tó kù ń wí.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ti bo òrùlé, iná ti wà lábẹ́ ẹja. Èyí tó ga ní, "Àbúrò, lọ ṣe ìdánwò ẹ. A ò kúrò níbí títí ẹja á fi gbẹ."

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú ìyá mi. Ìgbà yẹn ni mo fò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ lọ́rì àkọ́kọ́ lọ sí Ìkòròdú. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rí i pé táì ọ̀kan nínú wọn ni ìyá mi fi di ẹrù mi. Ó ń rùn bí ẹja. N ò tú u. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e wọlé ìdánwò.